Abẹ́rẹ́ Irorẹ́ àti Ìpara tí Ẹnikẹ́ni Kò Dán Wò

Bí ọdún Iléyá bá ti ń súnmọ́ etílé, tí àwọn régbérégbé sì ti ń gba aṣọ tí wọn yóò wọ̀ lọ síwájú ààfin Awùjalẹ̀ ní ọjọ́ Ojúde Ọba, ọwọ́ àwọn tó ń ta ìpara ní Ìjẹ̀bú-Òde kì í dilẹ̀. Ọ̀dọ́mọbìnrin tó ti yan gèlè, tó ti yan ìlẹ̀kẹ̀, tó sì mọ̀ pé kò sí ibi tí kámẹ́rà kò ní sí lọ́jọ́ náà, a máa fẹ́ kí ojú òun bá aṣọ òun mu. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní ẹ̀kọ́ Báyọ́lọ́jì ní ìlú yìí. Nínú gbogbo ohun tó ń ṣe ara ọmọ ènìyàn, irorẹ́ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ń bi mí léèrè jù, bẹ́ẹ̀ wọn kì í béèrè rẹ̀ nínú kíláàsì. Wọ́n á dúró títí àwọn ẹgbẹ́ wọn yóò fi jáde tán, wọ́n á fi ọwọ́ bo ẹ̀rẹ̀kẹ́, wọ́n á ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí ni mo lè lò?" Mo ti rí ọmọ tó mọ̀wé dáadáa tí kì í dìde dáhùn ìbéèrè mọ́ nítorí pé gbogbo kíláàsì yóò kọjú sí i. Mo ti rí èyí tó ń fi ìbòmú ìgbà kòrónà bo ojú títí di ìgbà tí ẹnikẹ́ni kò wọ ìbòmú mọ́. Nítorí náà, n kì í ka ọ̀rọ̀ irorẹ́ sí ọ̀rọ̀ ẹwà lásán.

Nígbà tí ìròyìn tàn kálẹ̀ pé àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ń dán abẹ́rẹ́ àjẹsára kan wò, tí wọ́n fẹ́ fi tọ́jú irorẹ́, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé ní Ṣàgámù ló kọ́kọ́ fi í ránṣẹ́ sí mi. Ó pè mí lẹ́yìn rẹ̀. "Àǹtí, ṣé òótọ́ ni? Ìgbà wo ni yóò dé ọ̀dọ̀ wa?" Kí n tó dáhùn, bàbá rẹ̀ ti gba fóònù náà, wọ́n ní, "Àbúrò, ẹ bá mi sọ fún un o. Ṣé ọmọ tèmi ni wọ́n máa wá fi dánra wò ni?" Lójú tèmi, ìbéèrè méjèèjì ló tọ́. Ọmọ ń béèrè nítorí pé ohun tó wà lójú rẹ̀ ń dùn ún, bàbá sì ń béèrè nítorí pé wọ́n fẹ́ràn ọmọ wọn. Èsì tí mo ní fún àwọn méjèèjì gùn ju ohun tí ènìyàn lè sọ lórí fóònù lọ, mo sì gbà pé ọ̀pọ̀ òbí ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ ló ń béèrè ohun kan náà.

Inú awọ ara ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Ní ẹ̀gbẹ́ ibi tí irun kọ̀ọ̀kan ti ń hù jáde ni àpò kékeré kan wà, tó ń ṣe òróró tí awọ ara fi ń rọ̀. Nígbà tí ọmọ bá ń bàlágà, àwọn họ́mọ́ònù tó ń sọ ọmọdé di àgbà máa ń mú kí àpò yìí ṣe òróró púpọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Awọ tó ti kú nínú ihò irun náà á lẹ̀ mọ́ra, á dí ẹnu ọ̀nà, òróró kò sì ní rí ibi gbà jáde mọ́. Inú ihò tó dí yìí, níbi tí afẹ́fẹ́ kò ti rí àyè wọlé dáadáa, ni bakitéríà kan tó ń jẹ́ Cutibacterium acnes ti ń pọ̀ sí i, nítorí òróró yẹn ni oúnjẹ rẹ̀. Bí àwọn oró tó ń tú jáde bá ti kan ara, ara á gbógun dìde sí i: ibẹ̀ á wú, á máa ro, nígbà mìíràn á kó ọyún. Bí ìwúlé náà bá jinlẹ̀, ó lè ba awọ ara jẹ́ débi tí àpá rẹ̀ kò fi ní lọ mọ́.

Ẹ kíyè sí i pé kò sí ìdọ̀tí nínú àlàyé yìí. Ìyá tó ń bá ọmọ rẹ̀ jà pé kò fọ ojú dáadáa ń fìyà jẹ ọmọ tí kò ṣẹ̀, nítorí pé fífi kànhìnkànhìn ha ojú ní àárọ̀ àti ní alẹ́ lè mú kí irorẹ́ náà le sí i ni. Àwọn tó ń sọ pé ọmọbìnrin tí irorẹ́ bò ti ń ronú ọkùnrin ń dójú ti ọmọ ọlọ́mọ láìnídìí, ó sì máa ń bí mi nínú bí mo bá gbọ́ ọ lẹ́nu àgbàlagbà. Ìṣirò tí wọ́n ṣe nípa àwọn àìsàn káàkiri àgbáyé fún ọdún 2010 fi hàn pé irorẹ́ wà lára nǹkan bí ìdá 9.4 nínú 100 gbogbo ènìyàn tó wà láyé, èyí tó sọ ọ́ di àìsàn kẹjọ tó wọ́pọ̀ jùlọ. Àìsàn tó pọ̀ tó báyìí kò lè jẹ́ èrè ìwà ẹnikẹ́ni.

Èrò pé a lè fi àjẹsára tọ́jú rẹ̀ ti wà tipẹ́. Ní ọdún 1909, Alexander Fleming, ẹni tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ mi mọ̀ sí ẹni tó ṣàwárí penicillin, tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde nínú ìwé ìṣègùn The Lancet nípa ohun tó ń fa irorẹ́ àti bí a ṣe lè fi àjẹsára wò ó sàn. Ọ̀dọ́ dókítà ni nígbà náà, ní ilé ìwòsàn St. Mary's ní Lọ́ńdọ̀nù, lábẹ́ ọ̀gá rẹ̀ Almroth Wright, ó sì ku nǹkan bí ogún ọdún kí ó tó rí penicillin ní 1928. Bakitéríà tí wọ́n ti pa ni wọ́n ń gún sí aláìsàn lára. Nígbà tí àwọn oògùn apakòkòrò bíi tetracycline dé ní àárín ọ̀rúndún ogún, tí wọ́n sì ń ṣiṣẹ́ kíákíá, a pa ọ̀nà àjẹsára náà tì.

Àwọn oògùn apakòkòrò yẹn ló tún wá ń lé àwọn olùwádìí padà sí ìdí àjẹsára lónìí. Ẹni tó bá ń lò wọ́n fún irorẹ́ a máa lò wọ́n fún ọ̀pọ̀ oṣù, bakitéríà tó wà lára rẹ̀ a sì máa kọ́ bí yóò ṣe yẹ̀ wọ́n sílẹ̀. Agbára tó kọ́ yẹn kì í mọ sí ojú nìkan, nítorí pé àwọn bakitéríà mìíràn tó wà nínú ara ẹni náà ń kọ́ ọ pẹ̀lú. Oògùn tó lágbára jù fún irorẹ́ tó le gan-an ni isotretinoin, èyí tí ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní ọdún 1982, ṣùgbọ́n bí aboyún bá lò ó, ó lè ba ọmọ inú rẹ̀ jẹ́ gidigidi, nítorí náà kì í ṣe ohun tí a ń fún obìnrin láìkọ́kọ́ yẹ oyún wò. Bí abẹ́rẹ́ kan bá wà tí yóò kọ́ ara fúnra rẹ̀ láti kápá ohun tó ń fa ìwúlé, tí kò sì ní sọ bakitéríà di aláìgbọràn sí oògùn, ohun ńlá ni.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé Cutibacterium acnes kì í ṣe àlejò lára wa. Ó wà lára èmi tí mo ń kọ̀wé yìí, ó wà lára ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, yálà irorẹ́ wà lójú yín tàbí kò sí. Ó tún ní iṣẹ́ rere tó ń ṣe, nítorí pé ó ń fọ́ òróró ara sí àwọn ásíìdì tó ń jẹ́ kí ojú awọ kan díẹ̀, èyí tí kì í jẹ́ kí àwọn kòkòrò tó burú jù ú lọ ráyè jókòó. Abẹ́rẹ́ tó bá pa gbogbo rẹ̀ run lè fi àyè sílẹ̀ fún ọ̀tá tó le ju irorẹ́ lọ. Ìdí nìyí tí iṣẹ́ àwọn olùwádìí òde òní fi dùn mọ́ mi: wọ́n ń wá ọ̀nà láti gba oró ọwọ́ bakitéríà náà láìlé e kúrò nílé.

Ní Yunifásítì California ní San Diego, ẹgbẹ́ olùwádìí tí Chun-Ming Huang ṣáájú gbé àbájáde iṣẹ́ wọn jáde ní ọdún 2018. Wọ́n dojú kọ oró kan tí wọ́n ń pè ní CAMP factor. Nígbà tí wọ́n lo èròjà agbóguntàrùn tó ń di oró náà mú, ìwúlé dínkù lára eku, àwọn àmì ìwúlé sì dínkù pẹ̀lú nínú ègé awọ tí wọ́n gé lára àwọn ènìyàn tó ní irorẹ́. Ní ọdún 2023, àwọn olùwádìí mìíràn ní yunifásítì yẹn kan náà, tí George Liu wà lára wọn, fi ohun mìíràn hàn. Bakitéríà yìí ní èròjà kan tó fi ń fọ́ hyaluronic acid, ìyẹn ohun tó ń mú omi dúró sínú awọ ara wa. Oríṣi méjì ni èròjà náà. Èyí tó wà lára àwọn ẹ̀yà bakitéríà tó bá irorẹ́ rìn ń fọ́ ọ sí ègé ńláńlá tó ń bí ara nínú. Èyí tó wà lára àwọn ẹ̀yà tó bá awọ tó dán rìn ń fọ́ ọ kúnná pátápátá, ara kò sì bínú sí i. Nítorí náà wọ́n ṣe àjẹsára tó dojú kọ oríṣi àkọ́kọ́ nìkan, ó sì dín ìwúlé kù lára eku. Mo kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ní èyí pẹ̀lú ayọ̀, nítorí kò sí ẹ̀kọ́ tó fi hàn wọ́n dáadáa tó bẹ́ẹ̀ pé inú irú bakitéríà kan ṣoṣo, ọ̀rẹ́ àti ọ̀tá lè jọ wà.

Èyí tó wá di ìròyìn ní tirẹ̀ ni ti Sanofi, ilé-iṣẹ́ oògùn ilẹ̀ Faransé. Ní ọdún 2021 ni wọ́n ra Origimm, ilé-iṣẹ́ kékeré kan ní Vienna ní orílẹ̀-èdè Austria tó ti ń ṣiṣẹ́ lórí àjẹsára irorẹ́, nígbà tó sì di 2024, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dán abẹ́rẹ́ kan wò lára àwọn àgbà ọlọ́dún 18 sí 45 tí irorẹ́ wọn pọ̀ níwọ̀nba tàbí tó le. Irú abẹ́rẹ́ mRNA ni, bíi ti Moderna tí ọ̀pọ̀ nínú wa gbà nígbà kòrónà. Kò sí bakitéríà kankan nínú rẹ̀, yálà òkú tàbí ààyè. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni ìlànà tí ara yóò fi ṣe ègé kékeré kan tó jọ ti bakitéríà náà fúnra rẹ̀. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun ara bá ti rí ègé yìí, wọ́n á dá a mọ̀, wọ́n á sì dúró dè é. Títí di àkókò tí mo ń kọ èyí, kò sí orílẹ̀-èdè kankan tó ti fọwọ́ sí abẹ́rẹ́ àjẹsára irorẹ́ fún títà, nítorí náà ẹni tó bá sọ fún ọmọ yín pé òun ní i ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ má dá a lóhùn.

Àwọn kan á ní, kí ló dé tí wọn kò parí gbogbo rẹ̀ lára eku kí wọ́n tó kan ènìyàn? Ìdáhùn rẹ̀ ni pé irorẹ́ bíi tiwa kì í ṣe eku. Awọ eku kò ní òróró tó jọ tiwa, débi pé àwọn olùwádìí San Diego ní láti fi òróró àtọwọ́dá tó jọ ti ènìyàn pa eku lára kí bakitéríà náà tó lè jókòó síbẹ̀. Lẹ́yìn gbogbo ohun tí eku bá sọ fún wa, ara ènìyàn nìkan ló lè sọ bóyá abẹ́rẹ́ náà ṣiṣẹ́. Níbi tí ẹ̀rù ẹ̀gbọ́n mi ti bẹ̀rẹ̀ gan-an nìyẹn.

Mo mọ ibi tí ẹ̀rù náà ti wá. Ní ọdún 1996, nígbà tí àrùn yírùnyírùn ń pa àwọn ọmọdé ní Kánò, ilé-iṣẹ́ Pfizer lọ dán oògùn kan tó ń jẹ́ Trovan wò níbẹ̀ lára ọmọ 200. Ìdajì wọn gba oògùn tuntun náà, ìdajì yòókù gba oògùn mìíràn tí wọ́n fi ń ṣe àfiwé. Ọmọ mọ́kànlá kú, àwọn mìíràn sì di aláàbọ̀ ara. Àwọn òbí sọ pé ẹnikẹ́ni kò ṣàlàyé fún àwọn pé ìdánwò ni. Ilé-iṣẹ́ náà ní àrùn ló pa àwọn ọmọ náà, pé kì í ṣe oògùn, ṣùgbọ́n ní 2009 wọ́n gbà láti san mílíọ̀nù 75 dọ́là nínú àdéhùn pẹ̀lú ìjọba ìpínlẹ̀ Kánò. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. N kò ní bá ẹnikẹ́ni tó ń sá jà.

Ṣùgbọ́n ohun kan ti yí padà láti ìgbà náà, ó sì yẹ kí àwọn òbí mọ̀ ọ́n. Ní ọdún 2007, Nàìjíríà ṣe ìlànà orílẹ̀-èdè fún ìwà tó tọ́ nínú ìwádìí ìlera. Òfin Ìlera ti 2014 sì là á kalẹ̀ pé a kò gbọdọ̀ fi ènìyàn ṣe ìwádìí láìjẹ́ pé ó fọwọ́ sí ìwé lẹ́yìn tí a ti ṣàlàyé ohun tí ìwádìí náà wà fún àti ohun tó lè ṣe sí ìlera rẹ̀. Ìgbìmọ̀ aṣòfintótó, ìyẹn àwọn tó ń ṣọ́ ìwà tó tọ́ nínú ìwádìí, ní láti ka ètò náà kí ó tó bẹ̀rẹ̀, NAFDAC náà sì ní láti fọwọ́ sí i. Nínú ìdánwò tó bá tẹ̀lé ìlànà, àwọn díẹ̀ ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ gún, pẹ̀lú ìwọ̀n kékeré, kí wọ́n lè wò ó bóyá ó ń ṣe ibi. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n á tó fi kún iye ènìyàn. Àwọn kan á gba abẹ́rẹ́ gidi, àwọn kan á gba èyí tí kò ní oògùn nínú, dókítà tó ń ka irorẹ́ ojú wọn kò sì ní mọ ẹni tó gba èwo, kí ìfẹ́ ọkàn rẹ̀ má bàa yí òǹkà rẹ̀ padà. Ẹni tó bá sì fẹ́ jáde lè jáde nígbàkígbà.

Ẹ jẹ́ ká wá fi ojú yẹn wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní àdúgbò wa. Mo ní akẹ́kọ̀ọ́ kan tó lọ ra ìpara àpòpọ̀ ní ọjà. Ẹni tó tà á fún un pò ó níṣojú rẹ̀: ó fún túùbù kan sínú ike, ó fi òmíràn kún un, ó da ìpara funfun lé e, ó rò ó pọ̀. Kò sí orúkọ lára ike náà, kò sí ọjọ́ tí yóò bàjẹ́, kò sí ìwọ̀n. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ irorẹ́ náà rọlẹ̀, ojú rẹ̀ mọ́ kedere, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì ń béèrè ibi tó ti rà á. Lẹ́yìn náà ni awọ ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tínrín, oòrùn ń ta á, irun wẹ́wẹ́ ń hù sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ìpara náà tán, tí kò sì sí owó láti ra òmíràn, irorẹ́ padà wá ní ìlọ́po, kéékèèké, gbogbo rẹ̀ sì dọ́gba, káàkiri iwájú orí àti àgbọ̀n. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ sítẹ́rọ́ìdì kò ní pẹ́ mọ̀ pé òun ló wà nínú ike yẹn, nítorí pé bí ó ṣe máa ń ṣe nìyẹn: ó ń pa ìwúlé lẹ́nu mọ́, awọ ara sì ń di ẹrú rẹ̀. Irú èyí náà wà nínú àwọn túùbù kéékèèké tí wọ́n ń tà ní kẹ́míìsì, tí wọ́n ti po oògùn làpálàpá, oògùn apakòkòrò àti sítẹ́rọ́ìdì pọ̀, tí ọ̀pọ̀ ilé sì ń fi pa gbogbo ohun tó bá jáde sí ara. Ní ti àwọn ìpara abóra, NAFDAC ní kí hydroquinone inú wọn má ju ìdá 2 nínú 100 lọ, kí mẹ́kúrì má sì sí níbẹ̀ rárá, nítorí pé mẹ́kúrì a máa ba kíndìnrín jẹ́. Ta ló ń wọn ti inú ike ọjà?

Ohun tí mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn. A ti ń fi àwọn ọmọ wa dánra wò. Ìdánwò náà ń lọ lójoojúmọ́ láti Ìjẹ̀bú-Igbó dé Ìkẹ́nnẹ́, láìsí ìwé ìfọwọ́sí, láìsí dókítà tó ń ṣọ́ wọn, láìsí ẹni tó ń kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sílẹ̀ kí ọmọ tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè rí ẹ̀kọ́ kọ́. Bí nǹkan bá bàjẹ́, ọmọ náà nìkan ni yóò jókòó nínú yàrá rẹ̀. Bàbá tó ń bẹ̀rù abẹ́rẹ́ tí ìgbìmọ̀ ń ṣọ́ gbọdọ̀ kọ́kọ́ lọ wo ohun tó wà nínú ike tó wà lórí tábìlì ọmọ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dùn wọ́n díẹ̀, mo gbọ́ ọ nínú ohùn wọn, ṣùgbọ́n mo ní láti sọ ọ́.

Ohun kan wà tó kàn mí ju gbogbo èyí lọ, òun sì ni awọ ara tiwa. Lára aláwọ̀ funfun, irorẹ́ tó bá wú a máa pọ́n, pípọ́n náà sì ni ọ̀pọ̀ dókítà ń wò láti mọ bí ó ti le tó. Lára wa, pípọ́n náà kì í hàn dáadáa. Ibẹ̀ máa ń ṣókùnkùn ni. Nígbà tí irorẹ́ náà bá sì ti lọ, àmì dúdú tó fi sílẹ̀ lè wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù, nígbà mìíràn fún ju ọdún kan lọ. Béèrè lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ mi èyíkéyìí ohun tó ń bà á nínú jẹ́ jù, kò ní dárúkọ irorẹ́, àmì dúdú ni yóò nawọ́ sí. Àwọn mìíràn nínú wa tún ní irú awọ tí àpá rẹ̀ máa ń wú ga ju ojú ọgbẹ́ lọ, pàápàá ní àgbọ̀n, àyà àti ẹ̀yìn. (Kókó tó máa ń hù sí ẹ̀yìn ọrùn àwọn ọkùnrin tó ń gẹ irun mọ́lẹ̀, tí ọ̀pọ̀ ń kà mọ́ irorẹ́, àìsàn ọ̀tọ̀ ni, abẹ́rẹ́ yìí kò sì ní ṣe é ní ohunkóhun.)

Nínú ìdánwò oògùn irorẹ́, ohun tí wọ́n sábà ń ṣe ni pé wọ́n á ka iye irorẹ́ tó wú àti èyí tí kò wú, dókítà á sì fún ojú náà ní máàkì láti 0 dé 4. Bí a bá ka irorẹ́ nìkan, a lè sọ pé abẹ́rẹ́ kan ṣiṣẹ́ fún ọmọbìnrin kan nígbà tí òun fúnra rẹ̀ kò tíì lè yọjú síta nítorí àmì dúdú. Ó tún lè jẹ́ òdìkejì rẹ̀: abẹ́rẹ́ tó dín ìwúlé kù díẹ̀, tí òǹkà kò fi bẹ́ẹ̀ yìn, lè jẹ́ ìràpadà ńlá fún awọ dúdú, nítorí pé ìwúlé gan-an ló ń bí àmì náà. A kò lè mọ èyí bí kò bá sí àwa nínú ìdánwò. Nítorí náà, nígbà tí àwọn ènìyàn bá ń sọ pé kí wọ́n lọ dán an wò lára àwọn òyìnbó kí wọ́n tó gbé e wá fún wa, mo lóye wọn, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń béèrè ni oògùn tí a ran sí ìwọ̀n ara ẹlòmíràn.

Mo sọ fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi pé kí ó má dúró de abẹ́rẹ́ náà. Ohun tó wà lónìí tó láti bẹ̀rẹ̀. Ìpara benzoyl peroxide wà, ó ń pa bakitéríà náà, bakitéríà kò sì mọ bí yóò ṣe yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ bí ó ti ń yẹ àwọn oògùn apakòkòrò; kí ó kàn má jẹ́ kí ó kan àdìrẹ rẹ̀, nítorí pé ó máa ń ṣí aró aṣọ. Adapalene wà, tó ń jẹ́ kí ihò irun ṣí. Ó gba sùúrù tó oṣù méjì tàbí mẹ́ta kí a tó rí ìyàtọ̀, ibẹ̀ sì ni ike ọjà ti ń fi ìkánjú borí wa. Mo ní kí ó yí òróró irun tó ń fi sí iwájú orí padà, nítorí pé òróró tó nípọn a máa dí ihò irun níbẹ̀, kí ó má sì tẹ irorẹ́ náà, nítorí èékánná ló ń sọ irorẹ́ kékeré di àpá ńlá. Bí kò bá lọ, kí wọ́n mú un lọ rí dókítà awọ ara, kí ó mú ike ìpara tó ń lò dání, kí ó má fi pamọ́.

Bí ìdánwò abẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀ bá dé ilé ìwòsàn ńlá kan ní Rẹ́mọ tàbí Ìjẹ̀bú lọ́jọ́ kan, mo mọ ohun tí n ó béèrè kí n tó sọ fún ọmọ mi, tó bá ti tó ọdún 18, pé kí ó ronú sí i. N ó fẹ́ kí ìwé ìfọwọ́sí wà ní Yorùbá tó já gaara, kí wọ́n sì kà á sókè fún ẹni tí kò mọ̀wé. N ó fẹ́ mọ ẹni tí yóò san owó ìtọ́jú bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, kí ó wà nínú ìwé, kí ó má jẹ́ ìlérí ẹnu. Kí àwọn tó gba abẹ́rẹ́ tí kò ní oògùn nínú rí èyí tó ní oògùn gbà lọ́fẹ̀ẹ́ bí ó bá ṣiṣẹ́, kí iye tí wọn yóò máa tà á ní Nàìjíríà sì jẹ́ ohun tí wọ́n ti bá wa jíròrò kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀. Owó ọkọ̀ nìkan ni kí wọ́n fún àwọn ọmọ náà, kí ó má pọ̀ débi tí ebi yóò fi bá wọn fọwọ́ sí ìwé. Nígbà tí wọ́n bá sì parí, kí wọ́n padà wá sọ ohun tí wọ́n rí fún wa, yálà abẹ́rẹ́ náà ṣiṣẹ́ tàbí kò ṣiṣẹ́, kí iye àmì dúdú tó kù lójú àwọn ọmọ náà sì wà nínú àkọsílẹ̀ wọn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ iye irorẹ́.